Omi Ìfọbàtà

Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣàdédé pọ́n. Ohun tí Ìyá Fọbàtà kọ́kọ́ sọ nìyẹn ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ, nítorí òun nìkan ló wà nínú oko. Ó dúró síwájú ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, ó ń wò ó bí ìgbà tí èèyàn bá ń wo ọmọ tó jí ẹran jẹ nínú ìkòkò. Ewé ìsàlẹ̀ mẹ́ta ti pọ́n láti etí wá sí àárín, wọ́n ti kán lọ́rùn, wọ́n sì so rọ̀ yí igi náà ká. Ewé òkè ṣì dúró ṣánṣán ní tirẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ kò kàn án. Ó bẹ̀rẹ̀ wo ìdí igi náà. Ó ti là níbẹ̀, ibi tó là sí sì gùn tó àtẹ́lẹwọ́.

Ó mọ ohun tó ń wò. Kò sí ẹni tó ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní gbogbo agbègbè yẹn tí kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí kò tíì mọ̀ ni ẹni tó gbé e wọlé, inú sì ti ń bí i sí ẹni náà kó tó mọ̀ ọ́n rárá.

Kì í ṣe ìyá àti bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ìyá Fọbàtà. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló fún un lórúkọ. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí ìròyìn àìsàn tó ń rọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọ́kọ́ dé, ọ́fíìsì ètò ọ̀gbìn pín ìwé pélébé kan kiri. Ọ̀pọ̀ èèyàn fi tiwọn di ẹ̀pà. Òun ka tirẹ̀ títí ó fi mọ̀ ọ́n lórí, ó sì kàn án mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ìwé náà ní àìsàn yìí kò níyẹ̀ẹ́, kì í fò. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, ìdílé kan náà ni òun àti ohun tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu, ẹrẹ̀ ló sì ń gùn kiri: ẹrẹ̀ ara bàtà, ẹrẹ̀ ara àdá, ẹrẹ̀ ara táyà ọkọ̀, àti èyí tó lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n hú láti oko tó ti ń ṣàìsàn. Kò gbóògùn. Oko tó bá ti wọ̀, ó wọ̀ ọ́ náà nìyẹn.

Nítorí náà ó fi ọgbà yí oko ká, ó ṣe géètì kan ṣoṣo, ó sì gbé bàsíà méjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi tó wà níbẹ̀. Omi lásán àti búrọ́ọ̀ṣì ló wà nínú àkọ́kọ́, fún fífọ ẹrẹ̀ kúrò. Omi oògùn apakòkòrò ló wà nínú èkejì, fún títẹ ẹsẹ̀ bọ̀. Ẹni tí kò bá ṣe méjèèjì kò ní wọlé, bó jẹ́ ẹni tó wá ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni o, bó jẹ́ pásítọ̀ tó wọ bàtà funfun wá gbàdúrà ni o. Nígbà tí ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì tó tẹ ìwé náà gan-an gbé mọ́tò dé, tó ní òun kò lè ki bàtà aláwọ òun bọ omi, ó sọ fún un pé, "Ọ̀gá, ìwé yín ló ní kí n dá yín dúró. Ẹ lọ bá a jà." Ọ̀gá náà yí mọ́tò padà. Ọkọ rẹ̀ tí ilé wọn wà láàárín oko pàápàá ń fọ bàtà láàárọ̀ àti lálẹ́ bí ọmọ ilé ìwé, kò sì janpata. Ọkùnrin náà ti wa ọkọ̀ akẹ́rù fún ọgbọ̀n ọdún, ó mọ ibi tí a kì í ti í bá ọlọ́pàá jiyàn.

Ẹni kan ṣoṣo tí bàsíà méjèèjì kò lè gbà wọlé ni Akọ̀wé, àbúrò ọkọ rẹ̀.

Ìyá Fọbàtà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Akọ̀wé lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e níyàwó wọ ilé náà, nítorí kò lè pe ẹni tó bá nílé lórúkọ, ọmọkùnrin náà sì ní ìwé kíkọ tó dára. Oko Akọ̀wé wà ní òdìkejì ọ̀nà. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, ó ra ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú ọkọ̀ kan tó ń kọjá lọ, kò béèrè oko tí wọ́n ti hú u. Láàárín oṣù mẹ́jọ, oko náà ti rọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá Fọbàtà kò rọra sọ ọ̀rọ̀ náà. Níwájú gbogbo ẹbí tó péjọ sí pálọ̀, ó ní òpè ló ń ra ohun tí kò mọ ìyá rẹ̀, ó ní àìbìkítà Akọ̀wé á pa gbogbo wọn, ó sì ní láti ọjọ́ náà lọ kí ó má tẹ ilẹ̀ òun mọ́, ìbáà fi ọṣẹ wẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Láti ìgbà náà, tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bá fẹ́ rí ara wọn, wọn á dúró ní ẹ̀gbẹ́ méjì ọgbà, wọn á máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ bí àwọn tí ẹjọ́ wà láàárín wọn.

Ta ló tún kù tó lè ṣe irú èyí? Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ó kúrò lóko, ó wọlé lọ bá ọkọ rẹ̀ nídìí oúnjẹ àárọ̀, ó sì ro ohun tó rí fún un.

Ọkọ rẹ̀ gbé ife tíì sílẹ̀. "Jẹ́ kí dókítà ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọ́kọ́ wò ó ná."

"Ẹ máa gbèjà rẹ̀. Ẹ̀yin àti àbúrò yín."

"Mi ò gbèjà ẹnikẹ́ni. Mo ní jẹ́ kí dókítà wò ó."

Ó pe ọ́fíìsì ètò ọ̀gbìn lórí fóònù lóòótọ́, wọ́n sì ní dókítà á dé lọ́la. Ṣùgbọ́n ìbínú kò mọ ọ̀la. Ó bọ́ bàtà oko sẹ́nu géètì, ó wọ sálúbàtà, ó sọdá ọ̀nà.

Akọ̀wé ń fi ọ̀pá ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí ìdì rẹ̀ ti wúwo jù fún un. Ó ti pa ilẹ̀ àtijọ́ tì, ó fi ọgbà yí i ká, kò sí ẹni tó ń wọ ibẹ̀. Ilẹ̀ tuntun ni èyí, àwọn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tuntun sì ni, irú èyí tí wọ́n ń tọ́ láti kékeré nínú ọ̀rá ní ilé àyẹ̀wò, tí àìsàn kò tíì fojú kàn. Ó ti ṣe géètì, ó sì gbé bàsíà méjì síbẹ̀. Ìyá Fọbàtà rí bàsíà náà, ó yínmú sí i. Kò wọlé. Ó dúró lójú títì.

"Akọ̀wé, ọkàn yín ti balẹ̀ báyìí."

"Kí ló dé, ìyàwó wa? Ẹ ò tilẹ̀ kí èèyàn."

"Àìsàn oko yín ti wọ oko mi. Ẹ kàn sọ ọjọ́ tí ẹ gba ẹ̀yìn wọlé fún mi."

Akọ̀wé rọra fi ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ọdún kan àti oṣù méjì rèé tí ẹ ti ní kí n má tẹ ilẹ̀ yín. Mi ò tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ṣubú ní balùwẹ̀, orí ọgbà ni mo ti béèrè bó ṣe ń ṣe. Àbí ẹ ti gbàgbé?"

"Ohun tí ẹ rà lójú títì ni mi ò gbàgbé."

"Ẹ ní kí dókítà ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá wò ó, ìyàwó wa." Ó kẹ̀yìn sí i, ó sì gbé ọ̀pá rẹ̀.

Sùúrù rẹ̀ yìí gan-an ló tún dá kún ìbínú obìnrin náà. Ó ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìbá ti pariwo. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ lọ́sàn-án, ó tún un sọ lálẹ́, ọkọ rẹ̀ sì ń jẹun lọ.

Dókítà dé lọ́jọ́ kejì lórí alùpùpù, ọmọbìnrin kan tí kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ìyá Fọbàtà dúró tì í kí ó lè rí ohun tí yóò bá a wí sí, ṣùgbọ́n ọmọ náà fi ọ̀pá ìṣáná ha ẹrẹ̀ inú ihò ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́ bọ oògùn, ó sì fi alùpùpù rẹ̀ sílẹ̀ lójú títì láìjẹ́ pé ẹnì kan sọ fún un. Kò sí ohun tí a lè fi kàn án.

Ó fi ọ̀bẹ kékeré ṣí fèrèsé tóóró kan sára igi tí ewé rẹ̀ pọ́n. Inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó lera máa ń funfun. Èyí ní ìlà pupa rúsúrúsú tó gba inú rẹ̀ gòkè, bí àbàwọ́n irin tó dógùn-ún lára aṣọ funfun. Dókítà gé díẹ̀ sínú ọ̀rá, ó ní ilé àyẹ̀wò ni yóò sọ òkodoro, ṣùgbọ́n kí Màmá má retí ìròyìn ayọ̀. Ó nu ọ̀bẹ rẹ̀ pẹ̀lú oògùn. Lẹ́yìn náà ó mú okùn pupa jáde, ó ń ti ìdí kan bọ́ sí ìdí kan, ó ń so okùn mọ́ èyí tó bá ní àmì àìsàn, bí àmì náà kéré bí ó tóbi. Ìyá Fọbàtà ń tẹ̀ lé e, ó ń kà á. Nígbà tó di mọ́kànlá, ó dákẹ́ kíkà.

"Ẹ̀gbẹ́ ọgbà Akọ̀wé ló ti wá," ló ń sọ. "Ìwọ sáà wò ó."

Dókítà ká okùn rẹ̀ sọ́wọ́. Ó padà sẹ́nu géètì, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, ó kọjú sí oko.

"Ẹ wá wò ó láti ibí, Màmá."

Ìyá Fọbàtà lọ dúró tì í. Kò sí okùn pupa kankan ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí oko Akọ̀wé. Ọ̀kan wà nítòsí ẹ̀rọ omi, méjì tẹ̀ lé e, mẹ́ta tẹ̀ lé ìyẹn, àwọn tó kù sì fẹ̀ lọ síbi tí ilẹ̀ gbé dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Omi ló máa ń rìn báyẹn.

"Kí lẹ máa ń dà síbí?" ni dókítà béèrè.

"Omi ni."

"Omi wo?"

Ó la ẹnu láti dáhùn, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí bàsíà àkọ́kọ́.

Olóye obìnrin ni. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti mọ̀ pé omi oògùn á jó gbòǹgbò ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi gbẹ́ kòtò fún un lẹ́yìn ilé. Ṣùgbọ́n omi lásán, omi tí kò ní oògùn nínú, ta ni yóò dà á nù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í kọ omi. Omi ìwẹ̀ ń bẹ ńbẹ̀, omi ìfọwọ́ àti omi ìfabọ́ ń bẹ ńbẹ̀, kí ló dé tí ti bàtà kò ní sí ńbẹ̀? Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ fún ọdún mẹ́ta, ó ń gbé bàsíà náà, ó ń dà á sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá sún mọ́ ọn jù.

"Ẹni tí kì í fọ bàtà rárá," ni dókítà sọ, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, "á máa já ẹrẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ díẹ̀ lójú ọ̀nà. Tiyín, ẹ kó ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ gbogbo àlejò jọ, ẹ sì bomi rin ín."

Inú wá bí Ìyá Fọbàtà gidi. Ìbínú tó ti ń bí látàná, eré ni. Ó wọlé, ó já ìwé pélébé náà kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn tòun ti ìṣó, ó mú un jáde, ó nà án sí ọmọ náà lójú. Àwòrán ọkùnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín wà lórí rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé: Fọ ẹrẹ̀ kúrò lára bàtà rẹ kí o tó wọ inú oko.

"Ka ìyókù fún mi."

"Kò sí ìyókù, Màmá."

"Mo mọ̀ pé kò sí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń kà á. Níbo ni wọ́n kọ ibi tí ká da omi rẹ̀ sí? Ta ló kọ ìranù yìí?"

"Èmi kọ́. Mi ò tíì gba iṣẹ́ nígbà náà." Ọmọ náà gba ìwé náà, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, bí ẹni pé nǹkan lè wà níbẹ̀. "Ẹni tó kọ ọ́ kò ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn balùwẹ̀ rẹ̀. Ó ti rò pé gbogbo èèyàn mọ ibi tí à ń da omi ìdọ̀tí sí."

"Gbogbo wa mọ̀ ọ́n kẹ̀. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni."

Ó jókòó sórí òkúta ẹ̀bá géètì. Dókítà sọ ohun tó kù láti ṣe fún un. Kí wọ́n má gé àwọn igi náà lulẹ̀, kí wọ́n má sì wọ́ ewé kankan jáde; a ó fi oògùn pa wọ́n lórí ìdúró, àti àwọn tó yí wọn ká pẹ̀lú. Kí wọ́n fi ọgbà sé ibẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́. Kí wọ́n má gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sórí ilẹ̀ náà mọ́, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ lè sùn fún ogún ọdún kó tún jí. Kí àdá tó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ má ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Omi bàsíà àkọ́kọ́, kí wọ́n po oògùn mọ́ ọn, kí wọ́n dà á sínú kòtò tó jìnnà sí gbogbo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Tí wọ́n bá yára, oko òkè lè yè.

Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń mi orí. Dókítà ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ nígbà tó béèrè, bí ẹni béèrè ọ̀nà: "Ṣé ẹ ti kọ́ ẹlòmíràn ní ọ̀rọ̀ bàsíà yìí?"

Ó ti kọ́ gbogbo ayé. Ní ìpàdé àwọn àgbẹ̀, nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé, ó dúró lórí pèpéle pẹ̀lú bàsíà méjì, ó fi bàtà ara rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tó dé orí omi lásán, ó gbé bàsíà sókè, ó ní, "Èyí kì í ṣe ohun ìdànù o. Ẹni tó bá da omi síwájú, ilẹ̀ tútù ni yóò tẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Oko méjìlélógún ló gbé bàsíà sẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn ìpàdé náà. Akọ̀wé wà níbẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Dókítà ní òun yóò gba ọ̀nà ìsàlẹ̀ lọ kìlọ̀ fún oko méjì tó wà níbẹ̀. Ìyá Fọbàtà ní òun yóò gba tòkè. Ó fọ sálúbàtà rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ bọ oògùn, ó sọdá ọ̀nà. Bó ṣe ń lọ, ó ń to ọ̀rọ̀ tí yóò sọ. Kò fẹ́ kí ó jọ ẹ̀bẹ̀ jù. Kò sì fẹ́ kí ó dà bí ẹni pé ìwé pélébé nìkan ló jẹ̀bi, nítorí ìwé pélébé kọ́ ló bú àbúrò ọkọ rẹ̀ ní pálọ̀, ìwé pélébé kọ́ ló ní kí ọmọ ìyá méjì máa kí ara wọn lórí ọgbà. Àfọwọ́fà ni. Ojú ń tì í tó bẹ́ẹ̀ tí inú fi ń bí i sí ojú títì náà.

Akọ̀wé pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì. Kò ní kó wọlé, kò sì ní kó má wọlé. Ó nawọ́ sí bàsíà.

"Ẹ fọ bàtà, ìyàwó wa."

Ó bẹ̀rẹ̀. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ sẹ́nu géètì ẹlòmíràn rí láti ọdún mẹ́ta. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ sálúbàtà rẹ̀, ẹrẹ̀ tó kù sí abẹ́ okùn rẹ̀ sì tú sínú omi. Ó tẹ ẹsẹ̀ bọ oògùn. Nígbà tó fi máa nàró, Akọ̀wé ti gbé bàsíà àkọ́kọ́, ó ti yà sí apá ọ̀tún, ó ti fẹ́ dà á sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà létí ọ̀nà, bí ẹni tó ń ṣe é lójoojúmọ́.

Ìyá Fọbàtà sáré dì í lọ́wọ́ mú. Omi dà sí i láṣọ.

"Ẹ má dà á síbẹ̀, Akọ̀wé. Omi yìí ló pa oko mi. Èmi ni mo dà á. Kì í ṣe ẹ̀yin. Kò sígbà kan tó jẹ́ ẹ̀yin."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, okùn pupa mọ́kànlá, ẹ̀rọ omi, ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì wà ní ọwọ́ ọkùnrin náà títí. Akọ̀wé gbé bàsíà dúró láàárín wọn. Ó wo ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì tutù láti àná. Ó wo àwọn tó tẹ̀ lé e.

"Oṣù mẹ́sàn-án ni mo ti ń dà á síbí," ló wí. "Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ ṣe sọ ọ́. Mo ní ó kéré tán, ìyàwó wa mọ̀ ọ́n. Ẹ pè mí ní òpè níwájú àwọn ọmọ mi, mo gbà. Mo ní òótọ́ ni, mi ò béèrè, n ó máa béèrè báyìí. Ẹ̀yin ni mo bi." Ó fi àgbọ̀n júwe òdìkejì ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n mi wà nílẹ̀ ní balùwẹ̀, èmi wà lẹ́yìn ọgbà. Nítorí kí ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ mi má bàa kàn yín."

Obìnrin náà jọ̀wọ́ ọwọ́ ọkùnrin náà.

"Ó dára," ni Akọ̀wé wí. Ó na bàsíà náà sí i díẹ̀. "Níbo ni kí n wá dà á sí, ìyàwó wa?"

Ó wo ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Ó wo ọwọ́ òsì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Ó wá wo òdìkejì ọ̀nà lókè, lẹ́bàá òpó iná, níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbin nǹkan kan sí.

"Ẹ yá mi ní ọkọ́," ló wí.

Akọ̀wé mú un wá fún un. Kò bá a gbẹ́ ẹ, kò sì wọlé. Ó gbé bàsíà tẹ̀ lé e, ó dúró tì í, ó fara balẹ̀ kí ẹ̀kán omi kan má bàa dà sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó jìn," ló sọ.

Ìyá Fọbàtà ká aṣọ rẹ̀ tó tutù sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀. Oko mọ́kàndínlógún ló ṣì wà lójú ọ̀nà òkè tí kò tíì gbọ́.